Jolly Phonics ní Pírámárì 1: ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọmọ Yorùbá

Iléèwé aládàáni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri rẹ̀, láti Ìbàdàn dé Ọ̀tà, kì í pẹ́ kó tó kọ ọ́ sí ẹnu géètì pé phonics, ìyẹn fífi ìró lẹ́tà kàwé, làwọn fi ń kọ́ ọmọ níwèé kíkà. Bí ẹ bá béèrè irú èyí tí wọ́n ń lò, Jolly Phonics ni orúkọ tí ẹ máa ń gbọ́ jù. Ìlú Ọba ni ètò náà ti wá. Sue Lloyd àti Sara Wernham ló ṣe é, ọdún 1992 sì ni ìwé atọ́nà olùkọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Gbogbo ètò náà kọ́ la fẹ́ yẹ̀ wò níbí o. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan la dojú kọ: ọjọ́ márùn-ún, ìró márùn-ún, ní kíláàsì Pírámárì 1 tó jẹ́ pé Yorùbá lọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ń sọ nílé. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn lẹ ti máa mọ̀ bóyá owó tí ẹ kó sórí ìwé yóò já sí nǹkan.

Ìdájọ́ wa rèé. Ètò náà dára, ó sì létò. Olùkọ́ tó bá mọ̀ ọ́n lò yóò rí ọmọ tó ń ka ọ̀rọ̀ tí ojú rẹ̀ kò tíì rí rí kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí. Àmọ́ ẹnu ọmọ Yorùbá kọ́ ni wọ́n fi wọn aṣọ yìí nígbà tí wọ́n ń gé e. Ibi tó bá ti fún un, olùkọ́ ló máa tú u rán.

Ìró 42 ni ètò náà pín sí ẹgbẹ́ méje. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ni s, a, t, i, p, n. Wọn ò tẹ̀lé a, b, d, nítorí pé àwọn lẹ́tà mẹ́fà yìí ló tètè ń para pọ̀ di ọ̀rọ̀: “sat”, “sit”, “tap”, “pin”. Wọn kì í kọ́kọ́ kọ́ ọmọ ní orúkọ lẹ́tà. Ọmọ kò ní pe s ní “ẹ́ẹ̀sì”, ariwo tí s ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ ni yóò pè. Ìró kọ̀ọ̀kan ní ìtàn kékeré kan, ohun tí ọmọ máa fi ara ṣe, àti orin. Ohun márùn-ún ni wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ mọ̀: ìró lẹ́tà, bí a ṣe ń kọ ọ́, síso ìró pọ̀ di ọ̀rọ̀, títú ọ̀rọ̀ sí ìró, àti àwọn ọ̀rọ̀ olóríkunkun bíi “the” àti “was” tí kì í gbọ́ràn sí òfin ìró. Àwọn olóríkunkun yìí kò sí nínú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rárá. Olùkọ́ tó bá ti lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri lọ́jọ́ Ajé ń kọ́ ọmọ láti máa há ọ̀rọ̀ sórí kó tó mọ̀ pé ó ṣeé kà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣẹ́jú 35 ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún fún káàdì àwọn ìró àtẹ̀yìnwá, márùn-ún fún ìtàn àti ìró tuntun, mẹ́jọ fún kíkọ lẹ́tà, mẹ́wàá fún síso ìró pọ̀, márùn-ún fún àpèkọ, méjì tó kù fún kíkó síléètì. Síso pọ̀ ló gba àkókò jù nínú ìṣirò yìí. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, orin ló ń gbà á, a ó sì padà síbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé rọrùn. Ìró s ṣeé fà gùn, “sssss”, ọwọ́ á sì máa rìn kọ́lọkọ̀lọ bí ejò. Ọmọ Ìbàdàn tó ń fi s pe ṣ nílé kò ní ìṣòro kankan lónìí. Ẹgbẹ́ kẹfà ni wàhálà tirẹ̀ wà, níbi tí sh àti ch ti ń dúró dè é. Ọmọ Òkè-Ògùn tó ń sọ Oǹkò ni yóò máa rẹ́rìn-ín nígbà náà, torí ch ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ilé. Kíkọ s ló le. Òun ló ṣòro kọ jù nínú lẹ́tà márààrún, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì máa kọ́kọ́ kọ ọ́ lódìkejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lókè bí ẹni tó fẹ́ kọ c, kí wọ́n tó yí i padà. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìka kọ ọ́ sínú afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà sí ẹ̀yìn ẹnìkejì, lẹ́yìn náà sórí yanrìn nínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kí síléètì tó kàn. Bí wọ́n ṣe ní kí ọmọ di pẹ́ńsù mú náà dára: àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀là á máa ká, wọ́n á sì máa nà bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́. Ìka kẹta ni pẹ́ńsù máa fi ẹ̀yìn tì. Ọmọ tó bá fi gbogbo ọwọ́ gbá a mú, ẹ fún un ní ṣọ́ọ̀kì kúkúrú. Kò ní ráàyè fi ìka márùn-ún dì í.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a. Ìró a ti Yorùbá ti ṣe iṣẹ́ yìí tán. Ìtàn rẹ̀ ni ti èèrà tó ń rìn lápá, ọmọ á sì máa fi ìka ta ara rẹ̀ lápá. Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ lórí rẹ̀.

Ọjọ́rú ni nǹkan yí padà. Ìró t dé, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ máa kà sì dé pẹ̀lú rẹ̀: “at”, lẹ́yìn náà “sat”. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí kọ́ńsónáǹtì parí. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá yá wa ní ọ̀rọ̀, fáwẹ̀lì la fi ń dé e lẹ́yìn: “bread” di búrẹ́dì, “cup” di kọ́ọ̀bù, “bus” di bọ́ọ̀sì. Nítorí náà, ọmọ tí ẹ ní kó so s, a, t pọ̀ yóò dá yín lóhùn pé “sátì”. Bí Ọjọ́bọ̀ bá dé, “sit” á di “sítì”, ẹni tó gbọ́ ọ yóò sì rò pé ìlú ńlá ni ọmọ ń sọ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á gbà á bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ọmọ ti gbìyànjú. Láti orí àpèkọ ni ẹ ó ti rí àbájáde rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí ọmọ bá ń kọ “sati” àti “tapi”, tó sì jẹ́ pé ohun tó gbọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ gan-an ló kọ.

Ìdí méjì ló wà fún i tó ń yọjú yìí. Ọ̀kan ni bí èdè wa ṣe rí, a ti sọ ìyẹn. Èkejì wá láti inú ábídí tí ọmọ náà ń kọ́ lọ́wọ́. Bí a ṣe ń ka ábídí Yorùbá, i ló ń gbé kọ́ńsónáǹtì jáde: bí, dí, fí, tí, sí. Ó tọ̀nà fún Yorùbá. Àmọ́ ọmọ tó ka ábídí ní aago mẹ́sàn-án yóò wọ kíláàsì phonics ní aago mẹ́wàá, yóò sì sọ pé “sí, a, tí”. Kò ṣàṣìṣe kankan lójú ara rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́ ọ láàárọ̀ ló lò. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ sì máa ń sọ “tì” tàbí “tọ̀” láìfura.

Bí a ṣe ń tún un ṣe nìyí. Kí olùkọ́ sọ t wúyẹ́wúyẹ́, láìgbé ohùn jáde. Kí ọmọ fi ìka méjì kan gògóńgò: bó bá sọ t gidi, gògóńgò kò ní gbọ̀n, bó bá sọ “tì”, yóò gbọ̀n. Àyẹ̀wò yìí kò náni ní kọ́bọ̀, ọmọ ọdún márùn-ún sì lè fi yẹ ara rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ to ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò mẹ́ta sórí tábìlì, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìró kan. Kí ti ìkẹyìn jẹ́ pupa. Bí ọmọ bá ti fọwọ́ kan pupa, kó pa ẹnu dé, kó má sọ ohunkóhun mọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kó dá dúró láàárín ìró kan sí èkejì. Kó fa “sssaaa” papọ̀ kó tó fi t gé e. Ọmọ tó bá ń ké wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, “s… a… t”, kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nínú wọn, bó ti wù kó sáré tó.

Ohun kan tún wà tí a máa ń dámọ̀ràn kí Ọjọ́rú yìí tó dé: kí ọmọ kọ́kọ́ so ìró pọ̀ ní Yorùbá. Ìṣẹ́jú méjì ti tó. Olùkọ́ á fa “lllll”, á dákẹ́ díẹ̀, á sọ “ọ”, àwọn ọmọ á dáhùn pé “lọ!” Lẹ́yìn náà “f” àti “ọ̀”, “s” àti “è”. Ọmọ á ti mọ irú eré tó jẹ́, nínú èdè tó gbọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì tó gbé kọ́ńsónáǹtì kún ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ fún un. Àlàyé kíláàsì náà, Yorùbá ni kí ẹ fi ṣe é. Àwọn òbí kan máa ń bínú sí èyí, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì làwọn sanwó fún. Ẹ rán wọn létí iṣẹ́ ìwádìí ọdún mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970: àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ níbẹ̀ kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ìtàn tó bá t rìn kò bá wa lára mu púpọ̀. Eré tẹ́níìsì ni: ọmọ á máa yí orí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù tó ń fò kọjá, á máa sọ “t, t, t”. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò tíì rí tẹ́níìsì rí. Ẹ yí ìtàn náà padà sí ti àwọn ọmọ méjì tó ń gbá bọ́ọ̀lù síra wọn lójú títì, àmọ́ ẹ má yí ohun tí wọ́n ń fi ara ṣe padà, torí ọmọ tó bá kó lọ sí iléèwé mìíràn yóò tún bá a pàdé níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, i. Ìró yìí nínú “sit” kò rí bákan náà pẹ̀lú i Yorùbá, ó sún mọ́ e wa díẹ̀. Ẹ má fi ìyẹn da kíláàsì láàmú lọ́sẹ̀ yìí. Ìyàtọ̀ “sit” àti “seat” á tó nǹkan nígbà tí ee bá dé ní ẹgbẹ́ kẹrin. Ohun tó yẹ kí ẹ lo Ọjọ́bọ̀ fún ni yíyọ ìṣe ara kúrò. Ẹ gbé káàdì sókè, kí ọwọ́ gbogbo ọmọ wà lórí tábìlì, kí wọ́n sọ ìró náà. Ẹ ó rí àwọn tí ìró kò lè jáde lẹ́nu wọn bí ọwọ́ kò bá kọ́kọ́ rìn bí ejò. Ìṣe ara wúlò fún ìrántí lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á máa fa ọmọ sẹ́yìn, torí kò sí ẹni tó lè ka gbólóhùn kan tán bó bá ń ta ara rẹ̀ lápá ní gbogbo ibi tí lẹ́tà a bá wà.

Ọjọ́ Ẹtì, p. Lẹ́tà yìí ń tan olùkọ́ jẹ nítorí pé ó wà nínú ábídí wa. Ìró tí a ń fi pe “pa” àti “pupa” ní Yorùbá, ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ló jọ ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. P Gẹ̀ẹ́sì, ètè nìkan ni, afẹ́fẹ́ sì máa ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ya bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó fẹ̀ tó ìka méjì, ẹ gbé e síwájú ẹnu. Ẹ sọ “pa” Yorùbá: bébà á dúró jẹ́ẹ́. Ẹ sọ p inú “pit”: bébà á fò. Ibí yìí ni ìtàn inú ìwé ti gbè wá, torí àbẹ́là ni wọ́n ní kí ọmọ máa fẹ́ pa, “p, p, p”. Ọmọ tó ń gbé níbi tí wọ́n ti ń múná lọ lálaalẹ́ kò nílò àlàyé kankan lórí àbẹ́là. Bí p bá sì wà ní ìparí ọ̀rọ̀, bíi “tap” àti “sip”, kí ètè pàdé kó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń sọ “tápù”, ètè rẹ̀ ti tètè ṣí ni.

Àpèkọ ọjọ́ Ẹtì kò gbọ́dọ̀ ju ìró márùn-ún àti ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: “at”, “sit”, “tap”. Olùkọ́ á sọ ọ̀rọ̀, ọmọ á fi ìka ka iye ìró tó gbọ́, á wá kọ ọ́. Bó bá na ìka mẹ́rin fún “tap”, ẹ ti mọ ohun tó dé: ó ti gbọ́ fáwẹ̀lì kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orin wá kù. Àwọn orin náà dùn, ohùn wọn kì í ṣòroó gbá mú, ewu wọn sì nìyẹn. Kíláàsì tó bá fi ìṣẹ́jú 15 kọrin ejò, tó fi mẹ́ta so ìró pọ̀, yóò dùn ún wò lójú alábòójútó tó yọjú lójú fèrèsé. Kí ẹ wá gbé káàdì s sí àárín káàdì mẹ́rin, kí ẹ ní kí ọmọ tó kọrin jù mú un jáde. Orin kan lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ní ìparí, ó tó. Ìdáhùn àpapọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ 40 bá ké “sss” pọ̀, mẹ́wàá tí kò mọ̀ ọ́n ti rí ibi sá pamọ́ sí. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní ọmọ 35 ni kí olùkọ́ kan máa kọ́ ní pírámárì, kíláàsì iléèwé ìjọba sì sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ọmọ mẹ́jọ sí ojúmọ́ kan, kí ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí àwọn yòókù ń kọ síléètì. Nígbà tí ó bá fi di ọjọ́ Ẹtì, ẹ ti gbọ́ ẹnu gbogbo ọmọ 40.

Ìyára ètò náà ni a kò fara mọ́ pátápátá. Ìró kan lóòjọ́ túmọ̀ sí pé ìró 42 á parí ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Fún ọmọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé, ó dára bẹ́ẹ̀. Fún kíláàsì tí à ń sọ yìí, mẹ́rin lọ́sẹ̀ ló ṣe é ṣe, kí ọjọ́ karùn-ún jẹ́ ti síso pọ̀ àti àpèkọ nìkan, láìsí ìró tuntun. Ìyẹn á gba ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Bí ẹ bá yọ ọ̀sẹ̀ ìdánwò àti ọjọ́ ìsinmi kúrò, ó lè wọ sáà kejì díẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. P wa á wá bọ́ sí ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì, n á tẹ̀ lé e.

Ní ti ohun tí ẹ máa rà: ìwé atọ́nà olùkọ́ (èyí tí wọ́n ń pè ní Phonics Handbook) ni àkọ́kọ́, torí wọ́n gba ẹni tó rà á láyè láti ṣe ẹ̀dà àwọn ojú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ fún kíláàsì. Fún ọmọ 40, bébà kan fún ìró kan, ìró 42, bébà 1,680 ni: páálí bébà mẹ́ta tó ní 500, àti 180 lé. Ẹ fi ìyẹn wé iye tí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ 40 máa ná yín, tó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni ọmọ ń kọ nǹkan sí, tí àbúrò kò sì ní lè lò ó lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé akẹ́kọ̀ọ́ yìí ní èyí tó jẹ́ dúdú àti funfun, tí ọmọ lè fúnra rẹ̀ kun. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe pẹ̀lú aláwọ̀ mèremère. Lẹ́yìn èyí, ẹ ra ìwé Finger Phonics méje, ẹyọ kan fún ẹgbẹ́ kan, torí lẹ́tà inú wọn gé wọnú bébà, ìka ọmọ lè tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òótọ́ ni pé ó náni lówó, àmọ́ ẹ̀dà kan tó fún kíláàsì bí ọmọ mẹ́fà bá ń lò ó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi bèbí eku, ejò àti oyin sílẹ̀ fún iléèwé tí owó rẹ̀ pọ̀. Páálí wàrà tí a gé dáadáa ń ṣe káàdì ìró tó lè lo sáà kan gbáko.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ìwé náà wò kí ẹ rí irú lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀. Oríṣi méjì ló wà: ọ̀kan ní lẹ́tà tó dúró ṣánṣán, èkejì ní ìrù tó fẹ́ so mọ́ ẹnìkejì. Bí pírámárì yín bá ń fi lẹ́tà aláìnírù kọ́ ọmọ, tí ẹ lọ ra onírù, ọmọ á máa kọ p méjì lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀dà ayédèrú pẹ̀lú. Ọfà kékeré tó ń fi hàn ibi tí ọwọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ló máa ń kọ́kọ́ parẹ́ nínú rẹ̀, òun gan-an sì ni ọmọ nílò jù. Bí ìró kan kò bá dá olùkọ́ lójú, ibi ìkànnì àwọn tó ṣe ìwé náà ní ohùn ìró 42 náà tó lè gbọ́ lórí fóònù.

Ẹ má fi ábídí Yorùbá àti ètò yìí sí wákàtí tó tẹ̀ léra wọn. Kí ọ̀kan wà kí wọ́n tó jẹun, kí èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ewé kọ ti Yorùbá, funfun fún ti Gẹ̀ẹ́sì. Èyí á ṣe pàtàkì gan-an ní ẹgbẹ́ kejì àti ìkẹta, nígbà tí e Gẹ̀ẹ́sì bá dé tó ń dún bí ẹ wa, tí o sì ń dún bí ọ.

Fún olùkọ́ tó ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀, a fún ètò yìí ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Fún iléèwé tó kàn ra ìwé, tó gbé e lé olùkọ́ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, méjì.

N ni ìdènà tó gbẹ̀yìn nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, ó sì le ju bó ṣe rí lójú lọ. Ọmọ á na apá bí bàálù, á máa sọ “nnnn”, gbogbo rẹ̀ á dùn. Ẹ wá kọ “tan”, “pin” àti “sin” sójú pátákó. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú rẹ̀, bó sì ṣe máa kà wọ́n nìyẹn. N tó kẹ́yìn fáwẹ̀lì ní Yorùbá, ẹnu àti imú ló ń mú kí ohùn gbà jáde, ahọ́n kì í kan ibì kankan. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ahọ́n gbọ́dọ̀ dé òkè eyín kó sì dúró síbẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ di n ìparí mú títí ẹ ó fi ka ení, èjì, “tannn”, kó sì yẹ ahọ́n rẹ̀ wò nínú dígí bí ẹ bá ní. Kí ẹ tó bọ́ sí c àti k, ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́fà dán ọmọ kọ̀ọ̀kan wò: “tan”, “pin”, “pan”, “nap”, “sit”, “tip”. Ẹni tó bá ka mẹ́rin láìfi fáwẹ̀lì kún ẹ̀yìn wọn ti ṣe tán. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta kíláàsì kò bá tíì dé ibẹ̀, ẹ fi ọjọ́ méjì kún un kí ẹ tó mú ìró tuntun wọlé.